Bí Wọ́n Bá Ní Owó Ò Tọ́ sí Opó, Ọ̀rọ̀ Ò Tíì Parí

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé wa orí íntánẹ́ẹ̀tì. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé yín.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣì ni mí, mi ò tíì di lọ́yà, mi ò sì wá kọ́ àgbà lọ́gbọ́n. Ohun tí mo kà, tí mo sì bi àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ohun kan wà tá a mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Tí ẹnì kan nínú wa bá kú, kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta tí owó á fi máa wọlé sí àkáǹtì ẹgbẹ́. A máa dáwó gbé òkú wálé, a máa yan aṣọ ẹbí, a máa gba kánópì, a máa ṣe fídáù tàbí ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dára bẹ́ẹ̀, a ò gbọdọ̀ jáwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tá a bá ti tú kánópì tán, ta ló ń pe opó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó bi í pé: “Ìyàwó wa, ṣé ọkọ yín san owó adójútòfò níbi iṣẹ́? Ṣé ẹ ti béèrè fún un? Kí ni wọ́n fi fèsì?”

Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà: tí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọ̀pọ̀ opó ló ń sunkún débi pé wọn ò rí lẹ́tà tó wọlé. Lẹ́tà yẹn sì ní ọjọ́ tó máa kú. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ẹ̀tọ́ tí olóògbé fi òógùn ojú rẹ̀ san owó fún lè lọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Kí ni owó yìí gan-an?

Mo máa bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa tó wà lókè òkun ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń gbowó oṣù níbẹ̀, wọ́n ń yọ 6.2 nínú 100 lára owó rẹ̀ fún Social Security, títí dé ìwọ̀n kan tí òfin là sílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ á tún san 6.2 tirẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ wa máa ń rí i lórí ìwé owó oṣù, tá a sì máa ń kùn pé ìjọba ń gba owó wa. Gbogbo wa ló rò pé owó ìfẹ̀yìntì nìkan ni. Òfin náà jáde lọ́dún 1935, nígbà Ààrẹ Franklin Roosevelt, lóòótọ́ ló sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Lọ́dún 1939 ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n fi àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ kún un. Láti ìgbà yẹn ló ti di adójútòfò fún opó àti ọmọ.

Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín pé ẹ ń tọrọ owó ìjọba. Kì í ṣe sàráà. Ẹni tó kú ti san án sílẹ̀.

Àwọn wo ló lè gbà á? Opó, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, láti ẹni 60 ọdún. Tó bá jẹ́ aláàbọ̀ ara, láti 50. Tó bá ń tọ́ ọmọ olóògbé tí kò tíì pé 16, kò sí ọjọ́ orí tó dí i lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tíì pé 18, tàbí tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì títí dé 19. Ọmọ tó ti ní àìlera ńlá kó tó pé 22. Ìyàwó tàbí ọkọ tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, tí ìgbéyàwó wọn bá pé ọdún 10. Ó tún ku ẹnì kan tí a kì í rántí: òbí tó ti pé 62 tó jẹ́ pé olóògbé ló ń gbọ́ ìdajì bùkátà rẹ̀ ó kéré tán. Òbí yẹn gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí rẹ̀ wá láàárín ọdún 2 tí ọmọ rẹ̀ kú.

Ọmọ kan máa ń gba 75 nínú 100 iye tó tọ́ sí olóògbé gan-an. Òbí tó ń tọ́ ọmọ náà ń gba 75 bákan náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdílé pọ̀, òfin fi òdiwọ̀n sí i, ó sábà máa ń wà láàárín 150 sí 180 nínú 100. Owó kan tún wà tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dọ́là 255, ọdún 2 ni wọ́n sì fún èèyàn láti béèrè fún un.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ má sọ pé “ẹni tó kú ò ṣiṣẹ́ pẹ́, kò lè sí nǹkan kan níbẹ̀”. Tí ọ̀dọ́ bá ṣiṣẹ́ bí ọdún kan àtààbọ̀ péré nínú ọdún 3 tó ṣáájú ikú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti ẹni tó ń tọ́ wọn lè rí owó gbà.

Mi ò ní tan yín o. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tó ń gbé ní Nàìjíríà, òfin míì wà fún tirẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n á béèrè bóyá ó ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún 5 rí, nígbà tí òun àti olóògbé ti jẹ́ ìdílé. Torí náà kì í ṣe gbogbo ìyàwó tàbí bàbá tó wà nílé ló máa rí i gbà. Àmọ́ ẹ béèrè ná, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ nínú ìwé. Ẹ má fúnra yín dá ẹjọ́ ara yín lẹ́bi.

Ìtẹ̀gùn mẹ́rin kẹ́ ẹ tó dé kóòtù

Ẹ jẹ́ ká gbà pé opó ti béèrè, wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé owó ò tọ́ sí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ká ọwọ́ lérí, tí wọ́n á ní “ìjọba ti sọ̀rọ̀”. Rárá o. Ẹni àkọ́kọ́ tó dá wọn lóhùn, òṣìṣẹ́ kan lásán ni, ó lè jẹ́ pé ìwé kan ni kò rí.

Ìtẹ̀gùn kìíní ni ìbéèrè fúnra rẹ̀. Ìkejì, tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni SSA-561. Òṣìṣẹ́ míì tí kò lọ́wọ́ sí ìpinnu àkọ́kọ́ ló máa wò ó. Ìkẹta, tí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ béèrè pé ẹ fẹ́ fara hàn níwájú adájọ́ iléeṣẹ́ náà, fọ́ọ̀mù HA-501. Adájọ́ yìí kì í ṣe ti kóòtù, inú iléeṣẹ́ Social Security ló wà, ṣùgbọ́n òun ló máa fi etí ara rẹ̀ gbọ́ yín. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ibí ni kẹ́ ẹ ti kó ẹlẹ́rìí wá, kẹ́ ẹ kó gbogbo ìwé wá, kẹ́ ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ìkẹrin ni Appeals Council, fọ́ọ̀mù HA-520. Àwọn wọ̀nyí lè gbà á, wọ́n lè kọ̀ ọ́, wọ́n lè ní àwọn ò tiẹ̀ fẹ́ wò ó mọ́.

Láàárín ìtẹ̀gùn kan sí òmíràn, ọjọ́ 60 péré ni. Wọ́n gbà pé lẹ́tà á dé ọwọ́ yín lẹ́yìn ọjọ́ 5 tí wọ́n kọ ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ka 60 yẹn. Ẹ rò ó wò. Tí lẹ́tà bá dé lọ́jọ́ tí opó wọ bàálù wá sin ọkọ rẹ̀ nílé, tó jókòó títí di fídáù ogójì ọjọ́, tó tún dúró ná kí ará lè balẹ̀, ọjọ́ mélòó ló kù? Tí ìdí gidi bá wà, ẹ lè kọ̀wé pé kí wọ́n fi ọjọ́ kún un, wọ́n sì lè gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ara lé “wọ́n lè gbà”, kò gbé ara lé nǹkan kan.

Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá lọ́dún 2019, Smith àti Berryhill. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ opó, owó aláìlera ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Lọ́yà ọkùnrin náà ní òun ti fi ìwé ránṣẹ́ sí Appeals Council ní àsìkò. Iléeṣẹ́ ní àwọn ò rí i. Ìgbà tó tún fi òmíràn ránṣẹ́, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ ìwé tó sọnù yìí ló gbé wọn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti sọ pé, níwọ̀n ìgbà tó ti dé iwájú adájọ́ iléeṣẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ pé kí kóòtù gbọ́ ọ. Ó jàre, àmọ́ ọdún márùn-ún ti lọ. Ẹ bá mi gbà á gbọ́, rìsíìtì ìfìwéránṣẹ́ kan ì bá ti gbà á lọ́wọ́ wàhálà yẹn. Ìwé tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́, ẹ gba rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Kóòtù gan-an

Lẹ́yìn Appeals Council, ọjọ́ 60 tún wà láti gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní àgbègbè tí ẹni náà ń gbé. Ọ̀gá àgbà Social Security ni wọ́n máa ń pè lẹ́jọ́. Ohun kan yà mí lẹ́nu nínú òfin náà, mo sì mọ̀ pé ó máa wúlò fún wa: ẹni tí kò gbé ní àgbègbè kóòtù kankan ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ tó wà ní Washington D.C. ni kó gbé tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé opó tó wà nílé níbí pẹ̀lú ò sí láìní kóòtù.

Kí ni kóòtù yìí máa ń ṣe? Kò dà bí kóòtù tá a máa ń wò nínú fíìmù. Kò sí ìgbìmọ̀ àwọn aráàlú tó ń dájọ́, kò sí ẹlẹ́rìí tó ń búra. Iléeṣẹ́ á kó gbogbo fáìlì ọ̀rọ̀ náà wá, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, gbogbo ìwé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Adájọ́ á jókòó ti fáìlì yẹn, á sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, ṣé wọ́n tẹ̀ lé òfin? Ìkejì, ṣé ẹ̀rí tó wà nínú fáìlì tó kí ẹni tó ní làákàyè fi dé ibi tí wọ́n dé? Adájọ́ ò ní sọ pé “tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní ṣe é báyìí”. Tí ẹ̀rí bá lè gba ìhà méjì, tí iléeṣẹ́ sì mú ọ̀kan, kóòtù sábà máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí ohun tí mo ń sọ bọ̀? Ẹjọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ ní kóòtù, ìtẹ̀gùn kẹta lẹ ti ń kọ́ ọ. Ìwé tẹ́ ẹ tọ́jú sínú àpótí, tẹ́ ẹ ní ẹ máa mú jáde tó bá dé iwájú adájọ́ àgbà, adájọ́ àgbà ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀rí tuntun, tó lágbára, tí ìdí gidi sì wà tẹ́ ẹ ò fi mú un wá tẹ́lẹ̀, ó lè dá ọ̀rọ̀ padà sí iléeṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó mọ nìyẹn.

Ní ìparí, kóòtù lè fara mọ́ ìpinnu iléeṣẹ́, ó lè yí i padà kó ní kí wọ́n san owó, tàbí kó dá a padà pé kí wọ́n lọ tún un gbọ́. Kí inú yín má bàjẹ́ tó bá dá a padà. Dídá padà kì í ṣe ìjákulẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù lè lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, ọjọ́ 60 náà ni.

Owó lọ́yà ńkọ́? Tí kóòtù bá dá opó láre, òfin ò gbà kí lọ́yà gba ju 25 nínú 100 owó tó ti kó jọ sẹ́yìn lọ fún iṣẹ́ tó ṣe ní kóòtù. Ẹni tí kò lówó ìforúkọsílẹ̀ lè kọ̀wé sí kóòtù pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kó ìdajì owó fún òun, tàbí tó ní kẹ́ ẹ sanwó ṣáájú kóun lè “bá yín rí wọn” níbẹ̀, gbájúẹ̀ ni. Ẹ sá fún un.

Àwọn tó ti rìn ín rí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èèyàn mẹ́rin tó gba ọ̀nà yìí. Méjì jàre, méjì jẹ̀bi. Ẹ̀kọ́ wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Stephen Wiesenfeld ń gbé ní New Jersey. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, ló ń mú owó tó pọ̀ jù wọlé, ó sì ń san Social Security rẹ̀ déédéé. Lọ́dún 1972 obìnrin náà kú níbi ìbímọ, ọmọkùnrin jòjòló ló fi sílẹ̀. Ọkọ fẹ́ dín iṣẹ́ kù kó lè tọ́ ọmọ. Wọ́n fún ọmọ lówó, ṣùgbọ́n wọ́n ní òun ò lè gbà, torí ìyá nìkan ni òfin dárúkọ. Lọ́yà rẹ̀ ni Ruth Bader Ginsburg, tó wá di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lẹ́yìn náà. Lọ́dún 1975, gbogbo adájọ́ mẹ́jọ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ló dá ọkùnrin yìí láre. Ìyá ọmọ ti san owó bí ọkùnrin ṣe ń san án, kí ló dé tí ohun tó san kò ní dáàbò bo ìdílé rẹ̀ bákan náà?

Leon Goldfarb tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún àwọn iléèwé ìjọba ní New York fún nǹkan bí ọdún 25, ó kú lọ́dún 1968. Wọ́n ní bàbá náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyàwó ló ń gbọ́ ìdajì bùkátà òun kó tó rí owó gbà. Wọn kì í béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ opó obìnrin. Lọ́dún 1977, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ìyẹn ò dáa. Ìtìjú máa ń dí àwọn ọkùnrin wa lọ́wọ́ láti sọ pé àwọn fẹ́ béèrè owó ìyàwó àwọn tó kú. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀tọ́ yín ni, ti àwọn ọmọ yín sì ni.

Àwọn tó jẹ̀bi wàyí. Ìyáàfin Salfi fẹ́ ọkọ ní oṣù karùn-ún ọdún 1972. Kò tó oṣù kan tí àìsàn ọkàn kọ lu ọkọ, ó sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Òfin ní ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ pé oṣù 9. Kóòtù ìsàlẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 1975 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní òfin oṣù 9 dúró, torí àwọn tó máa ń fẹ́ ẹni tó ń kú lọ nítorí owó. Àwọn àyè kan wà tí òfin yọ̀ǹda, bí irú ẹni tí jàǹbá pa lójijì, àmọ́ ti obìnrin yìí ò bọ́ sí i.

Ìkẹrin ni ẹjọ́ Capato, ọdún 2012. Ọkọ ní jẹjẹrẹ, wọ́n tọ́jú àtọ̀ rẹ̀ sínú yìnyín. Ó kú ní Florida lọ́dún 2002. Ìyàwó rẹ̀ lo àtọ̀ yẹn, ó sì bí ìbejì lẹ́yìn oṣù 18 tí bàbá wọn ti kú. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé òun ni bàbá wọn. Síbẹ̀ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní òfin ogún ìpínlẹ̀ tí olóògbé ń gbé ni iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ wò, òfin Florida sì ní ọmọ tí wọ́n lóyún rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá ò lè jogún láìsí ìwé ìhágún. Wọn ò rí owó gbà. Ẹni tó kọ ìdájọ́ náà ni Ginsburg yẹn kan náà. Kì í ṣe pé kò láàánú, ibi tí òfin dé ló dé.

Ibi tó kan àwa gan-an

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí tí ọ̀rọ̀ mi bá ta síbi tó ń dun ẹnì kan.

Òfin ìpínlẹ̀ tí olóògbé ń gbé nígbà tó kú ni wọ́n máa ń wò láti mọ̀ bóyá ìyàwó ni ẹ jẹ́. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ wa, níbi tí a ti tọrọ ìyàwó, tí a gbé ẹrù ìdána, tí àwọn òbí súre, ìgbéyàwó gidi ni. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó jókòó ní Baltimore ò wà níbẹ̀, kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ alága ìdúró. Ìwé ló máa rí. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín ní ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì wà láàyè. Ẹ tọ́jú fọ́tò, ẹ tọ́jú ìwé ìpè.

Ẹni tó bá ní ìyàwó nílé tó tún lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó pẹ̀lú ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, wàhálà ló ń tọ́jú pa mọ́ fún obìnrin méjèèjì. Lọ́jọ́ tó bá kú, wọ́n á pàdé nínú fáìlì kan. Òfin ní àyè kan fún obìnrin tó ṣègbéyàwó pẹ̀lú ọkàn mímọ́ láìmọ̀ pé ọkùnrin náà ti níyàwó, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa fi hàn pé òun ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọjọ́ orí náà wà. Bàbá ń jẹ́ orúkọ kan nínú páàsì, òmíràn nínú ìwé ìbí ọmọ. Ọjọ́ orí inú àfidáfítì yàtọ̀ sí ti iléèwé. Adájọ́ tó ń ka fáìlì á rí i. Ẹ tún un ṣe ní báyìí, lọ́nà tó tọ́. Ẹ má sì ṣe ìwé èké rárá, torí ìwé èké kan á mú kí wọ́n ṣiyèméjì sí gbogbo òótọ́ tó kù.

Bákan náà, opó tó bá tún lọ́kọ kó tó pé 60, owó opó tirẹ̀ sábà máa ń dúró níwọ̀n ìgbà tí ìgbéyàwó tuntun yẹn bá ṣì wà. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ àtiṣú opó, ẹ jẹ́ kó mọ èyí kó tó dáhùn.

Ó tún ku kan. Nínú ìdílé kan tàbí òmíràn, ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni àwọn kan á ti kó báàgì ìwé rẹ̀ lọ, tí opó ò ní rí i mọ́. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ bá wa dá sí i. Ẹni tó gbé ìwé pamọ́ fún opó, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Nílé níbí ńkọ́?

Ẹ má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ló ní irú èyí. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní Nàìjíríà sọ pé tí iṣẹ́ bá pa òṣìṣẹ́, opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á máa gba 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ kan, 85. NSITF ló ń bójú tó o, ọdún kan ni wọ́n sì fún èèyàn láti béèrè. Òfin Pension Reform Act ti ọdún 2014 náà ní agbanisíṣẹ́ tó wà nínú ètò náà gbọ́dọ̀ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún kan. Tí agbanisíṣẹ́ ò bá san owó adójútòfò yẹn, ọrùn rẹ̀ ni yóò wà. Tí wọ́n bá kọ̀, National Industrial Court wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì, ní báńkì, ní iléeṣẹ́ ńlá, ẹ lọ wò ó lọ́la ta lẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa gba owó yín. Àwọn kan ṣì kọ orúkọ òbí tó ti kú.

Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù ìdílé ní fáìlì kan: ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, nọ́ḿbà Social Security, ìwé adójútòfò níbi iṣẹ́, kí ẹni méjì ó kéré tán mọ ibi tó wà. Ẹ má fi nọ́ḿbà yẹn sórí WhatsApp o. Ìkejì, lọ́jọ́ tí a bá ń pàdé lórí ètò ìsìnkú, kí ẹnì kan bi opó nípa owó yìí, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkẹta, ẹni tí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ bá dé ọwọ́ rẹ̀, kó pe wá lọ́jọ́ náà. A máa bá a ka lẹ́tà, a máa bá a kọ ọjọ́ tó kù sára kàlẹ́ńdà, a máa bá a wá àwọn lọ́yà tó ń ran aláìní lọ́wọ́ lágbègbè rẹ̀. A ò ní gba kọ́bọ̀. A ò ní jẹ́ lọ́yà fún un, ṣùgbọ́n a ò ní jẹ́ kó dá nìkan jókòó ti lẹ́tà yẹn.

Ẹ̀yin àgbà, ibi tí mo bá ti ṣì í sọ, ẹ fà mí létí. Ibi tó bá yé yín, ẹ bá mi sọ fún ẹni tí kò sí níbí. Ọlọ́run ò ní fi ọ̀fọ̀ ṣe tiwa. Àwọn opó tó wà láàárín wa, Ọlọ́run á bá wọn tọ́ ọmọ wọn yè. Ìlú wa á dára, a ò ní gbọ́ ìròyìn búburú.